Báàgì pure water méjì lábẹ́ tábìlì tíì

Bí tíì bá dà sí oníbàárà lẹ́sẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù yín, dókítà kọ́ ló máa kọ́kọ́ pinnu bí egbò náà ṣe máa tóbi tó. Ẹni tó dúró ti tábìlì ni. Ooru tó ti wọ awọ kì í kúrò torí pé wọ́n ti nu tíì nù. Ó ṣì ń wọlé lọ, ó ń se ẹran ara tó wà nísàlẹ̀. Omi ló ń lé e jáde, ogún ìṣẹ́jú gbáko ló sì ń gbà á. Kí wọ́n tó rí kẹ̀kẹ́ tó máa gbé onítọ̀hún dé ilé ìwòsàn, ogún ìṣẹ́jú yẹn ti lọ. Lójú tèmi, ẹni tó bá ń ta ohun mímu gbígbóná, omi ìtọ́jú ti di ara irinṣẹ́ rẹ̀ bíi fúláàsì àti ṣúgà.

Ẹ wo ooru náà ná. Omi tó ń hó wà ní 100 dígírì. Bí tíì bá wà ní 60, bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ló máa fi jó awọ àgbàlagbà wọnú. Ní 70, bí ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni. Awọ ọmọdé fẹ́lẹ́, tiwọn tún yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fúláàsì tó dáa sì lè gbé omi sí òkè 80 fún wákàtí mélòó kan, nítorí náà tíì tí à ń gbé fún èèyàn láàárọ̀ kò fún un láyè láti fò sókè kó tó jó o.

Ẹjọ́ kọfí McDonald's, ilé iṣẹ́ olóúnjẹ ará Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn ẹjọ́, ọ̀rọ̀ ooru yìí náà ni. Ní oṣù kejì ọdún 1992, ìyá ẹni ọdún 79 kan ra kọfí ní Albuquerque, ìpínlẹ̀ New Mexico. Òun kọ́ ló ń wa ọkọ̀, ọkọ̀ náà sì ti dúró. Ó fi ife há orúnkún kó lè ṣí ìdérí, ló bá dà sí i nítan. 82 sí 88 dígírì ni ilé iṣẹ́ náà ń gbé kọfí sí. Ṣòkòtò tó wọ̀ fa kọfí mu, ó gbá a mọ́ ọn lára. Ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún awọ ara ìyá náà jó dé ìsàlẹ̀. Ó lo ọjọ́ mẹ́jọ nílé ìwòsàn, wọ́n sì ní láti bu awọ láti ibòmíràn lára rẹ̀ lẹ ojú egbò náà. Ó béèrè $20,000, wọ́n na $800 sí i. Ìgbà tí ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́ ní 1994 ni gbogbo èèyàn tó mọ̀ pé ẹ̀sùn ìjóná tó lé ní 700 ti wọlé sí ilé iṣẹ́ náà láàárín ọdún mẹ́wàá, wọn kò sì dín ooru kù. Àwọn ìgbìmọ̀ ìdájọ́ gbà pé ìdá 20 ẹ̀bi náà jẹ́ ti ìyá fúnra rẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n bu owó ńlá lé ilé iṣẹ́ náà. Adájọ́ gé e wálẹ̀ sí $640,000 lápapọ̀, kí àwọn méjèèjì tó lọ parí rẹ̀ ní kọ̀rọ̀.

Ní London ní 2002, ọ̀nà mìíràn lẹjọ́ gbà. Èèyàn 36, ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn, ni wọ́n gbé ilé iṣẹ́ kan náà lọ sílé ẹjọ́, wọ́n sì fìdí rẹmi. Adájọ́ ní ẹni tó ra tíì mọ̀ pé tíì máa ń gbóná, bẹ́ẹ̀ ló ṣe fẹ́ ẹ, ife àti ìdérí wọn sì dára tó. Ooru nìkan kọ́ ni wọ́n ń bi ọlọ́jà, wọ́n ń bi í pé kí ló ti mọ̀, kí ló sì ṣe sí i.

Òfin ò fi bẹ́ẹ̀ ràn wá lọ́wọ́ lórí àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì. Àpótí tí Factories Act ti Nàìjíríà ń sọ, ti òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ni. Òfin 1981 ti ìlú Ọba, tó kan ẹni tó ń ta ọbẹ̀ àti tíì ní Peckham ní London, òṣìṣẹ́ náà ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìmọ̀ràn ni HSE, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò ibi iṣẹ́ lọ́hùn-ún, gba àwọn ọlọ́jà pé kí wọ́n ro ti oníbàárà mọ́ ọn. Kí ẹnikẹ́ni má fìyẹn tan ara rẹ̀. Àìbìkítà jẹ́ ẹ̀bi níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, FCCPA, òfin ààbò oníbàárà ti 2018, sì ń gbèjà oníbàárà ní Nàìjíríà. Pátákó “ní ewu ara yín” tí a kàn mọ́ ògiri kò lè gba ọlọ́jà ní ìlú Ọba bí àìbìkítà rẹ̀ bá ṣe èèyàn léṣe. Bí ìjàǹbá tó jẹ mọ́ iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù bá sì mú kí wọ́n gbé oníbàárà láti ibẹ̀ lọ tààrà fún ìtọ́jú nílé ìwòsàn lọ́hùn-ún, dandan ni kí ọlọ́jà fi tó ìjọba létí lábẹ́ RIDDOR, òfin ìjábọ̀ ìjàǹbá ibi iṣẹ́.

Ó yá, tíì ti dà. Aṣọ ló kọ́kọ́ ń kúrò, kíá, nítorí aṣọ tó rin ń gbé ooru mọ́ ara. Bó bá jẹ́ ọmọ ọwọ́, ẹ tú pámpáàsì rẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ń gbàgbé jù nìyẹn, inú rẹ̀ ni tíì sì máa ń sá pamọ́ sí. Òrùka, aago, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, ẹ bọ́ gbogbo rẹ̀ kí ara tó wú. Aṣọ tó bá ti lẹ̀ mọ́ awọ, ẹ má fà á. Ẹ gé etí rẹ̀ yíká.

Lẹ́yìn náà ni omi tútù, kì í ṣe omi dídì. Yìnyín ń pa awọ tó ti jó lára. Níbi tí ẹ̀rọ omi bá ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ parí. Níbi tí kò bá sí, ẹ ṣírò rẹ̀: pure water kan jẹ́ ìdajì lítà, báàgì kan ní ogún nínú, ìyẹn lítà mẹ́wàá. Báàgì méjì jẹ́ ogójì ọ̀rá. Ẹ fi àlùmọ́gàjí gé igun rẹ̀ kékeré, kí omi máa ṣàn tín-ín-rín láti òkè ojú ìjóná wá sísàlẹ̀. Ọ̀rá méjì ní ìṣẹ́jú kan, ogún ìṣẹ́jú pé. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 pẹ̀lú kọ́ọ̀bù náà tó. Bí àkókò bá ti lọ kí ẹ tó rántí, ẹ ṣe é síbẹ̀, ó ṣì ń ṣiṣẹ́ títí wákàtí mẹ́ta. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ bo ìyókù ara ọmọdé kí òtútù má mú un.

Àkókò yìí gan-an ni ẹnìkan á ti sáré dé pẹ̀lú ẹyin tútù. Òmíràn á mú epo pupa dání, tàbí oyin, ògì, ọṣẹ ìfọyín, kẹrosíìnì. Ẹ fi ọ̀wọ̀ dá wọn dúró. Ọ̀rá ni epo jẹ́ lórí ooru, ó ń dè é mọ́lẹ̀. Ẹyin tútù lè kó àrùn wọ ojú egbò. GV (gentian violet), oògùn aláwọ̀ àlùkò, kì í jẹ́ kí dókítà rí àwọ̀ awọ, àwọ̀ yẹn ló sì fi ń mọ bó ṣe jó jìn tó. Gbogbo ohun tí ẹ bá fi sí i, wọ́n á tún ní láti họ ọ́ kúrò, ẹni tó jó náà ló máa gbọ́ ìrora yẹn.

Tí omi bá ti tó, ẹ fi ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń bo oúnjẹ tẹ́ ojú ibẹ̀, ẹ má fi wé e yíká. Bó bá jẹ́ ọwọ́, ọ̀rá tuntun mímọ́ tó. Òwú kò dáa, ó ń lẹ̀. Ìléròrò, ẹ má bẹ́ ẹ. Àgbàlagbà tí paracetamol kì í bá jà lè lo méjì oní-500. Ilé ìwòsàn kan gbogbo ọmọdé àti arúgbó, ojú, ọwọ́, ẹsẹ̀, abẹ́ àti oríkèé, ohun tó bá tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó jó, àti ibi tó funfun tí kò sì dun ún rárá: àìdùn yẹn ni ewu rẹ̀. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì. Èkó tún ní 767.

Ká tó dé ibẹ̀ ṣá, mílíìkì lè ṣiṣẹ́ púpọ̀. Tíì 250 mílílítà tó wà ní 90 dígírì, bí ẹ bá da 50 mílílítà mílíìkì olómi tí kò gbóná sí i, ó bọ́ sí 80. Ẹ da mílíìkì náà fúnra yín kí ife tó kúrò lórí tábìlì. Ti oníyẹ̀fun kò dín ooru kù. Oníṣáyì tó ń da tíì láti kọ́ọ̀bù kan sí èkejì kó lè hó fóòmù, ara ọgbọ́n ìtutù ni, kó sáà má dà á lókè orí ẹni tó jókòó. Ẹ má bu tíì kún ife dé ẹnu, ẹ fi ààyè ìka méjì sílẹ̀ lókè. Ẹ gbé e sórí tábìlì, ẹ má nà án sí ọwọ́, àgàgà bí ìyá bá gbé ọmọ lẹ́sẹ̀. Kọ́ọ̀bù rọ́bà fẹ́lẹ́ máa ń rọ̀, a sì fọ́ mọ́ ẹni lọ́wọ́. Ògì gbígbóná inú ọ̀rá burú ju tíì lọ, nítorí tíì ń ṣàn lọ, ògì ń dì mọ́ awọ. Ẹ lo ọ̀rá méjì.

Ẹ kọ ọjọ́, aago, ohun tí wọ́n mu, ohun tí ẹ ṣe àti orúkọ ẹni tó rí i sílẹ̀. Ẹ tọ́jú ife àti ìdérí rẹ̀. Ẹ má ní kí oníbàárà tó ń gbọ́ ìrora buwọ́ lùwé kankan. Ẹ sì kí i pẹ̀lẹ́. Pẹ̀lẹ́ tiwa kì í ṣe ìjẹ́wọ́ ẹ̀bi, òfin ìlú Ọba ti 2006 pàápàá ní ìtọrọ àforíjì nìkan kì í ṣe ìjẹ́wọ́ àìbìkítà.

Ohun tó máa ń ba ètò yìí jẹ́ ni ọ̀sán tí oòrùn mú: ọmọ tó ń tà á á tú báàgì náà, á tà á tán. Ẹ fi máákà kọ “TI ÌJÓNÁ, KÌ Í ṢE TÍTÀ” sára rẹ̀, kí ẹ sì máa wo abẹ́ tábìlì kí ẹ tó dá iná tíì láàárọ̀.