Ẹ béèrè iye platelet kí abẹ́rẹ́ heparin àkọ́kọ́ tó wọlé

Nọ́ńbà méjì ni mo fi báírò pupa yí po lórí ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yèyé mi: 286,000 àti 118,000. Iye platelet rẹ̀ ni, àwọn èròjà kékeré inú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ọjọ́ méje péré ló wà láàárín wọn, ó sì kù díẹ̀ kí n má ka ìkejì sí nǹkan kan.

Yèyé ṣubú lójú ọ̀nà oko ní Ìjerò, egungun ìbàdí rẹ̀ kán, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ilé ìwòsàn kan ní Adó-Èkìtì. Ẹ̀jẹ̀ tètè máa ń dì sẹ́sẹ̀ ẹni tó bá dùbúlẹ̀ lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ yẹn, nítorí náà wọ́n ń gún un ní heparin, abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Oògùn tó ń gba ẹ̀mí là ni. Mi ò kọ èyí kí ẹnikẹ́ni lè sá fún un.

Lọ́jọ́ keje, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wú. Mo rò pé ìdùbúlẹ̀ ló fà á, mo gbé omi gbígbóná, mo bu òrí, mo wọ́ ọ dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láé. Tí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tó ń dunni, tó sì gbóná, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń wọ́ ọ lè mú kí ó já, kó gba inú iṣan lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Títí di òní, àyà mi máa ń já tí mo bá rántí ọwọ́ mi lórí ẹsẹ̀ yẹn.

Nírọ̀lẹ́ ni èsì láàbù dé: 118,000. Nọ́ọ̀sì ní kò burú, ó lè jẹ́ ibà. Òótọ́ ni pé ibà máa ń mú platelet wálẹ̀. Láti 150,000 sí 450,000 ló yẹ kó wà, 118,000 kò sì jìnnà sí i lójú ẹni tí kò mọ ibi tó ti ń bọ̀. Dókítà tó wọṣẹ́ alẹ́ ló ṣí fáìlì padà sẹ́yìn, tó rí iye tí wọ́n kọ kí heparin tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní, “Àǹtí, ó ti wálẹ̀ ju ìdajì lọ. Ṣé wọ́n ti gún Mama ní irú abẹ́rẹ́ yìí rí láàárín oṣù mẹ́ta sẹ́yìn?”

Wọn ò gún un rí. Ó ní heparin fúnra rẹ̀ lè mú platelet wálẹ̀, pé ọjọ́ 5 sí 10 lẹ́yìn tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni wàhálà yìí sábà máa ń yọjú, ṣùgbọ́n tí ara bá ti pàdé heparin láàárín 100 ọjọ́, ó lè yọ láàárín ọjọ́ kan. Ará ilé nìkan ló lè dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ó kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ló ka nọ́ńbà náà sódì. EDTA, èròjà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tó wà nínú ìgò onídèrí elésè àlùkò máa ń mú kí platelet àwọn mìíràn lẹ̀ mọ́ra, ẹ̀rọ kò sì ní lè kà wọ́n pé. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ míì sínú ìgò onídèrí búlúù tí kò ní EDTA, wọ́n sì tẹ́ díẹ̀ sórí gíláàsì, wọ́n fi maikirosikópù wò ó. Platelet náà ò lẹ̀ mọ́ra. Wọ́n ti dínkù lóòótọ́.

Èmi rò pé tí platelet bá dínkù, ẹ̀jẹ̀ ni yóò máa dà. Àbúrò mi tilẹ̀ ti ká apá aṣọ sókè, ó fẹ́ fún un lẹ́jẹ̀. Dókítà ní rárá, kò nílò platelet níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ kò dà lára rẹ̀. Ara rẹ̀ ló ń gbógun ti heparin tó so mọ́ èròjà kan tó ń ti ara platelet jáde, PF4. Ogun yẹn ló ń ta platelet jí, tí wọ́n fi ń dìpọ̀ nínú iṣan. Àwọn tí kò sí nínú òǹkà ti lọ di ẹ̀jẹ̀ dídì.

Kò dúró de àyẹ̀wò PF4, torí wọn kì í ṣe é níbi tí a wà. Ó dá gbogbo heparin dúró lóru náà, títí kan ìwọ̀nba tí wọ́n fi ń fọ ojú ọ̀nà omi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi rivaroxaban, oògùn míì tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, rọ́pò rẹ̀. Ó ní warfarin, tí òun náà kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kò gbọdọ̀ wọlé títí platelet yóò fi kọjá 150,000, torí ó lè ba awọ àti ẹsẹ̀ jẹ́. Ìgbà tí èsì PF4 máa fi ti Ìbàdàn dé pé èròjà tí ara fi ń bá heparin àti PF4 jà wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, platelet Yèyé ti padà sí 201,000. Bó bá tiẹ̀ wà níbẹ̀ náà, ìyẹn nìkan kò tó ẹ̀rí, torí àwọn mìíràn ní in lára láìṣàìsàn. Ọjọ́, iye tó wálẹ̀ àti ẹsẹ̀ wíwú ló jọ fi ìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀.

Tí wọ́n bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ heparin fún èèyàn yín lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n kọ́kọ́ ka platelet, kí ẹ̀yin náà kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀. Láti ọjọ́ 4 dé ọjọ́ 14, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n á tún un kà lọ́jọ́ méjì méjì tàbí mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ gbé tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́.

Yèyé ti ń rìn lọ sọ́jà báyìí. Nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀, pẹ̀lú owó, ìwé kékeré kan wà tí mo kọ: “Ẹ má fún mi ní heparin.” Ó máa ń fi han gbogbo nọ́ọ̀sì tó bá pàdé, kódà èyí tó kàn fẹ́ wọn ìfúnpá rẹ̀.