Títún kúkà gáàsì Màmá ṣe: ọ̀sẹ̀ kẹta

Kúkà gáàsì tí Màmá mi fi ọkọ̀ ojú omi gbé wálé láti London lọ́dún 1979 ti wà nílẹ̀ níwájú mi báyìí, mo ti tú u palẹ̀ pátá, mo sì ti ń tò ó padà díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, fífọ̀ ṣáá ni. Ọ̀rá tó ti gbẹ mọ́ ọn láti ogójì ọdún kì í ṣeré rárá. Tẹ́ ẹ bá ní irú ẹ̀ nílé, ẹ má fi sáńpépà ha ara ẹ̀ funfun yẹn o, kì í ṣe ọ̀dà, gíláàsì tí wọ́n yọ́ mọ́ irin ni, tó bá ti họ ó ti họ náà nìyẹn.

Nọ́ọ̀bù méjì ò yí mọ́, mo ti rò pé wọ́n ti kú, àṣé gírísì inú wọn ló gbẹ tó le bí oje igi. Mo yọ idẹ ṣóńṣó tó wà nínú wọn, mo fi kẹrosíìnì nù ún, mo fi gírísì tí ooru ò lè yọ́ pa á fẹ́ẹ́rẹ́. Mi ò jẹ́ kí wọ́n dà pọ̀ torí idẹ kọ̀ọ̀kan ló nílé tiẹ̀, tẹ́ ẹ bá ṣì í fi gáàsì á máa jò.

Jẹ́ẹ̀tì, ìyẹn idẹ kékeré olíhò tí gáàsì ń gbà tú jáde sínú bọ́nà tí iná ti ń jó, ló wá ká mi lára jù. Láti kékeré wa ni kúkà yìí ti ń ba ìdí ìkòkò jẹ́, iná ẹ̀ á pọ́n á máa rú èéfín, àwa ọmọ la máa fi eérú àti kànìnkànìn fọ̀ ìkòkò títí ọwọ́ á fi bó, Màmá á ní gáàsì Nàìjíríà ni ò dáa. Irọ́ ni! Gáàsì tó ń gba páìpù wọlé ní London ni wọ́n ṣe é fún, gáàsì inú sílíńdà wa sì lágbára ju ìyẹn ní ìlọ́po méjì lọ, ihò jẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré. Mo ki bítì dírìlì 1.2 mm bọ ihò jẹ́ẹ̀tì bọ́nà ńlá kí n fi wọ̀n ọ́n, ó wọlé geere. Gáàsì ń tú jáde ju afẹ́fẹ́ tó máa bá a jó lọ, kò sì sẹ́nì kankan tó yẹ̀ ẹ́ wò látọjọ́ yìí.

Mo wá jẹ́ẹ̀tì tí ihò ẹ̀ jẹ́ 0.85 mm dé Ògùnpa n'Ìbàdàn, ọjọ́ kejì ni mo tó rí i. Mo dè é tán, mo po omi ọṣẹ, mo fi búrọ́ọ̀ṣì kùn gbogbo oríkèé, ìdí hóòsì hó kùṣọ̀, àṣé gáàsì ń jò níbẹ̀, mo gé e sọnù mo ra tuntun. Ìta gbangba ni mo ti dán an wò torí gáàsì sílíńdà wúwo ju afẹ́fẹ́, ilẹ̀ ló máa ń rà sí.

Ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè mo ṣá iná sí i: búlúù, kúkurú, ó ń dún ṣììì. Màmá gbé omi kaná, nígbà tó hó ó dà á nù, ó dorí ìkòkò kodò, ó fi ìka nu ìdí ẹ̀, ó wo ìka náà, ó tún nù ún.

"Ọkọ mi, gbogbo ìkòkò tẹ́ ẹ fọ̀ nígbà yẹn ńkọ́?"

Ófùnù ló kù. Okùn ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀ ti gbó, àmọ́ tàtijọ́ lè ní asbestos nínú, òwú òkúta tí eruku ẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, mi ò ní fà á já ní gbígbẹ, màá kọ́kọ́ rin ín lómi, màá bo imú dáadáa.