Ọta mélòó ló yẹ kó wà nílé ọdẹ? Ohun tí iṣẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ́ mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ìwé àṣẹ ìbọn ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní Orù, ní Àgọ́-Ìwòyè àti ní àwọn abúlé tó yí wa ká, ìbéèrè kan ni ẹ sábà máa ń bi mí: "Bàbá Akọ̀wé, kátíríìjì mélòó ni kí n ní nílé?" Mi ò kì í tètè dárúkọ iye. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ti ń kọ ìwé fún ẹgbẹ́ ọdẹ wa: ẹni tó ra ọta, iye tó rà, iye tó kù sí i lọ́wọ́. Ohun tí ìwé yẹn fi hàn mí ni pé ọta púpọ̀ nìkan kọ́ ló ń kó ọdẹ sí wàhálà. Ẹni tí kò lè sọ iye tó ní, tí kò mọ ọdún tó rà á, tí kò mọ ẹni tó lè fọwọ́ kàn án, wàhálà ń bẹ nílé rẹ̀, ì báà jẹ́ márùn-ún péré ló ní.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ọdẹ tó ń lọ ṣọ́ ọ̀yà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tó bá yìnbọn lẹ́ẹ̀mẹta lóru kan, òru ọ̀hún dáa nìyẹn. Páálí kan, tó jẹ́ kátíríìjì 25, á gbé e fún bí oṣù kan. Bó bá ní páálí mẹ́ta nílé, ti oṣù mẹ́ta ló ní, ó sì tó o. Ta ló ń lé e tó fi fẹ́ kó ogún páálí jọ? Kátíríìjì 500 nìyẹn, kò ní yìn ín tán láàárín ọdún kan ààbọ̀, òjò Ìjẹ̀bú á sì ti rọ̀ lé e lórí láìmọye ìgbà.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi òṣùwọ̀n tiwa wọn ẹlòmíràn. Àbúrò ìyàwó mi wà ní Texas, eré ló ń fi ìbọn ṣe níbẹ̀, kò pa ẹran. Ẹ̀rọ ló máa ń ju àwo pẹlẹbẹ kan sókè, wọ́n á sì máa yìnbọn lu àwo náà lójú òfuurufú. Àwo 25 ni ìpele kan. Ẹni tó bá ta ìpele mẹ́rin ní Sátidé kan ti yin 100. Bó bá ń lọ ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, 5,200 ni lọ́dún. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá bá 2,000 nílé rẹ̀, kò tó ti oṣù márùn-ún. Ọlọ́pàá wa níbí bá rí 2,000 lọ́wọ́ ẹnì kan, ariwo á ta, ó sì yẹ kó ta. Iye kan náà, ìtumọ̀ méjì. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bi yín pé oṣù kan, mélòó lẹ ń yìn, kí n tó dáhùn ohunkóhun.

Nígbà tí mo lọ kí wọn lọ́hùn-ún, mo jókòó tì í nídìí tábìlì tó ti ń tún kátíríìjì kì. Èyí tó ti yìn kì í jù ú nù. Èèpo oníke yẹn ṣì wúlò títí ẹnu rẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Ó yọ praímà àtijọ́ kúrò ní ìdí rẹ̀, ìyẹn nǹkan róbótó tí ìbọn máa ń gbá kó tó ṣáná, ó fi tuntun sí i, ó wọn ẹ̀tù, ó ki wáàdì, ìyẹn ohun tó ń pààlà sáàárín ẹ̀tù àti ọta, ó da ọta wẹ́wẹ́ lé e, ẹ̀rọ sì pa ẹnu rẹ̀ dé. Ohun tó wú mi lórí jù ni páálí tó kó wọn sí. Lára páálí kọ̀ọ̀kan ló ti kọ ọjọ́ tó kì í, irú ẹ̀tù tó lò, bó ṣe wúwo tó, irú ọta tó wà nínú rẹ̀. Agolo ẹ̀tù kan ṣoṣo ló wà lórí tábìlì. Ó ní bí agolo méjì bá wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọjọ́ kan ni ọwọ́ á ṣì í mú. Èyí tó kù nínú òṣùwọ̀n, ó dà á padà sínú agolo tirẹ̀ kó tó dìde lọ jẹun. Agolo tí ìwé ara rẹ̀ bá ti ya, tí kò dá a lójú mọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀, kò ní lò ó mọ́ láé, bó ti wù kó wọ́n tó.

Ibẹ̀ náà ni mo ti rí i pé kíka kátíríìjì nìkan kò tó láti mọ ohun tí ẹnì kan ní. Nǹkan márùn-ún ló ń di kátíríìjì: èèpo, praímà, ẹ̀tù, wáàdì àti ọta wẹ́wẹ́. Èyí tó kéré jù nínú wọn ló ń sọ iye. Pọ́ùn ẹ̀tù kan jẹ́ gréènì 7,000. Bí kátíríìjì kan bá ń gba gréènì 20, pọ́ùn kan á ki 350. Àpò ọta wẹ́wẹ́ tó wúwo tó pọ́ùn 25, bí kátíríìjì kan bá ń gba áǹsì kan, á tó 400, torí áǹsì 16 ló wà nínú pọ́ùn kan. Nítorí náà, ẹni tó ní praímà 5,000 àmọ́ tó jẹ́ pọ́ùn ẹ̀tù kan ló kù ú kù, 350 ló ní, kì í ṣe 5,000. Ẹni tó bá ń kó praímà jọ bí ẹni ń kó owó, láìwo ẹ̀tù, ń tan ara rẹ̀ jẹ ni.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń kó o jọ tó bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún? Ẹ̀rù ọ̀wọ́n ni. Láti ìparí 2012 wọ 2013, ọta àti praímà ṣọ̀wọ́n ní Amẹ́ríkà nítorí àwọn èèyàn gbà pé òfin ìbọn fẹ́ le sí i. Ní 2020 àti 2021, nígbà àrùn Kòrónà, ó tún ṣẹlẹ̀. Bí ìgbà tí wọ́n bá ní epo bẹntiróòlù fẹ́ wọ́n lọ́dọ̀ wa ló rí: ẹni tí kò nílò rẹ̀ á gbé kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta wá, epo á sì wọ́n lóòótọ́. Síbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kó o jọ tó yẹn, ìlànà wà. Ìlànà ìdáàbòbò lọ́wọ́ iná tí wọ́n ń lò níbẹ̀ sọ pé ẹ̀tù kátíríìjì tó wà nínú ilé gbígbé kò gbọdọ̀ ju pọ́ùn 20 lọ nínú agolo tó bá dé. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, títí dé 50, inú àpótí igi tí pátákó rẹ̀ nípọn tó íǹṣì kan ni kó wà. Praímà kò gbọdọ̀ ju 10,000 lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bó bá jẹ́ ọta ìbọn ráífù, ara ìwé àṣẹ gan-an ni wọ́n ń kọ iye tí èèyàn lè ní sí.

Níbí, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe tìtorí ohun tí ẹ rí lórí fóònù sọ ilé yín di ilé iṣẹ́ ọta. Òfin Ìbọn ti 1959 kò fàyè gbà á pé kí èèyàn jókòó sí yàrá rẹ̀ kó máa ṣe ọta. Ìbọn kátíríìjì gba ìwé àṣẹ, ṣakabùlà gba ìwé àṣẹ, ọta tí ẹ ń rà sì wà lábẹ́ ìwé àṣẹ yẹn. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 kò lè gba ìwé. Mi ò ní pẹ́ lórí èyí. Ẹ tọ́jú ìwé yín, ẹ sọ ọ́ dọ̀tun lásìkò.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sí dáadáa ni ti ẹ̀tù, torí òun ló ń fọ́ ìka lágbègbè wa. Ẹ̀tù dúdú tí a ń dà sẹ́nu ṣakabùlà àti ẹ̀tù tó wà nínú kátíríìjì kì í ṣe ọmọ ìyá. Mo mọ àwọn ọmọ ọdẹ tí wọ́n máa ń fi ọ̀bẹ la kátíríìjì, wọ́n á da ẹ̀tù inú rẹ̀ sí ṣakabùlà bàbá wọn nítorí ẹ̀tù dúdú wọ́n tàbí kò sí. Ẹ má dán an wò láé. Ìwọ̀n kan náà tí ẹ bá dà, agbára ti kátíríìjì ju ti ẹ̀tù dúdú lọ fíìfíì nígbà tí wọ́n bá sé e mọ́. Irin ṣakabùlà tí alágbẹ̀dẹ fi páìpù ṣe kò lè gbà á. Ìdí ìbọn ló ń bẹ́, ẹ̀gbẹ́ ojú àti ọwọ́ òsì ló sì ń bá. Mo ti di ọwọ́ ẹnì kan mú nínú mọ́tò láti ọ̀nà oko dé ọsibítù ní Ìjẹ̀bú-Òde, aṣọ tí a fi dì í rin gbingbin kí a tó dé ibẹ̀. Ọmọkùnrin yẹn mọ igbó ju ọ̀pọ̀ wa lọ. Kò sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀tù yìí fún un ni, ìdí sì nìyí tí mo fi ń sọ ọ́ fún yín ní gbangba.

Ẹ̀tù dúdú náà ní ewu tirẹ̀. Ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ní oṣù kẹfà àti ìkeje, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ ó rí i pé ó ti ń lẹ̀ mọ́ra. Àwọn bàbá wa máa ń gbé àdó ẹ̀tù sórí àjà tó wà lókè ààrò kó lè gbẹ. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ẹ fi àṣà yẹn sílẹ̀. Ẹta iná kan péré, láti ara igi tó ń jó, ti tó fún ẹ̀tù dúdú, ilé á sì gbiná kí ìyá tó ń dáná tó yíjú. Ẹ̀tù tó bá ti tutù, ẹ má sá a sórí páànù gbígbóná, ẹ má yan án. Ẹ mú un tọ Olúọdẹ lọ, kí ó bá yín wá bí a ó ṣe bà á jẹ́. Ẹ ra díẹ̀ díẹ̀ tí ẹ ó lò tán kí òjò tó dé, ẹ ò ní ní ìdí láti yan nǹkan kan.

Ti kátíríìjì rọrùn díẹ̀. Inú àpótí tó ní ìdérí ni kó wà, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́, kó jìnnà sí ilé ìdáná àti sí páànù òrùlé tí oòrùn ń pa. Ìbọn ní ibi tirẹ̀, ọta ní ibi tirẹ̀. Ẹ má kó epo tàbí òróró ìbọn sí àpótí kan náà, torí òróró lè wọ ìdí kátíríìjì kó má sì dún lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀. Bí ilé bá jó, kátíríìjì tó wà nínú páálí á máa dún táútáú, ṣùgbọ́n ọta rẹ̀ kì í lọ bí èyí tó ti ẹnu ìbọn jáde. Ìbọn tí wọ́n gbé sílẹ̀ pẹ̀lú ọta nínú ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, torí iná lè yìn ín bí èèyàn ṣe ń yìn ín. Àwọn àgbà ní ìbọn ní apátí, ìbọn kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n dojú rẹ̀ kọ òun? Ẹ yọ ọta kúrò kí ẹ tó wọlé.

Àsìkò ayẹyẹ náà ní tirẹ̀. Bí Ojúde Ọba bá ń bọ̀, tàbí bí àgbà ọdẹ kan bá lọ, ẹ̀tù á ṣàn wọ ìlú. Àwọn ìdílé Balógun á gun ẹṣin, ìbọn á sì máa ró gbìmgbìm ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, orí mi máa ń wú ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, mélòó nínú wa ló ń béèrè ibi tí ẹ̀tù tó ṣẹ́kù wọlé sí? Inú ọ̀rá dúdú, lábẹ́ ibùsùn, nínú bẹ́ẹ̀lì aṣọ ẹbí. Nínú ẹgbẹ́ wa, a ti pinnu pé kí ayẹyẹ tó bẹ̀rẹ̀ ni a ó ti kọ iye tí a pín, ẹni tó gbà á á sì dá ìyókù padà kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Àwọn kan kùn. Wọ́n ti dákẹ́ báyìí.

Ìwé tí mo ń sọ yìí kò ju ìwé àjákọ kékeré lọ. Ojú ìlà kan: ọjọ́, iye tó wọlé, iye tó jáde, iye tó kù. Ẹ kọ ọ́ nígbà tí ẹ bá ti oko dé, kí ẹ tó wẹ̀. Bí iye inú ìwé àti iye inú àpótí kò bá dọ́gba, ẹ má sùn lórí rẹ̀. Ẹ wádìí láàárín ilé, bí ó bá sì jẹ́ pé ó sọnù lóòótọ́, ẹ lọ sọ ní àgọ́ ọlọ́pàá kí ó tó di pé ẹlòmíràn fi ṣe ohun tí a ó fi orúkọ yín pè.

Ó ku ọ̀rọ̀ ikú, mi ò sì ní fò ó. Bí ọdẹ bá kú lójijì, opó rẹ̀ ló máa ń bá ọta àti ẹ̀tù pàdé lẹ́yìn ìkòkò, kò sì mọ ohun tí wọ́n jẹ́. Wọ́n ti gbé e wá bá mi nínú agbọ̀n ẹ̀pà rí. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó yín àti àgbà ọmọ yín mọ ibi tí ìwé yẹn wà. Ní ojú ewé àkọ́kọ́, ẹ kọ orúkọ Olúọdẹ àti akọ̀wé ẹgbẹ́ sí i, kí ẹ sì kọ ọ́ gbọnrangandan pé kí ẹnikẹ́ni má sun ún, kí ẹnikẹ́ni má bò ó mọ́lẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tà á. Kí wọ́n pe àwa. Àwa la ó bá wọn gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá pẹ̀lú ìwé àṣẹ ìbọn náà.