Ibi tí ọ̀rọ̀ àpọ́nlé ń jókòó sí: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí iṣẹ́ ìtumọ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ nídìí iṣẹ́ ìtumọ̀, gbólóhùn kan wà tí n kò lè gbàgbé. Ìwé ìlànà nípa àkọlé ara ìgò oògùn ni mò ń túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó wà nínú ti Yorùbá ni pé kí wọ́n kọ àkọlé náà kó hàn kedere. Èmi wá kọ ọ́ báyìí: "The label must clearly be written." Ọ̀gá tó ń yẹ iṣẹ́ mi wò fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ àpọ́nlé (adverb) inú rẹ̀, "clearly", ó ní, "Kí ló hàn kedere níbí? Ṣé lẹ́tà ara ìgò ni, àbí dandan tí wọ́n fi kọ ọ́?" Ó ṣe díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Ohun tí mo kọ ń sọ pé ó dájú gbangba pé wọ́n gbọ́dọ̀ kọ àkọlé. Kò sọ ohunkóhun nípa bóyá aláìsàn á rí i kà. Èyí tó yẹ kí n kọ ni "The label must be clearly written." Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ó kàn fò kọjá "be" ni.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fojú sí "be" yìí. Èdè wa kò ní passive bíi ti Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn gbólóhùn tó ń fi ohun tí wọ́n ṣe nǹkan sí ṣáájú dípò ẹni tó ṣe é. Bí a kò bá fẹ́ dárúkọ ẹni tó ṣe nǹkan, "wọ́n" la máa ń lò: wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n jí owó. Gẹ̀ẹ́sì á gbé ilẹ̀kùn wá síwájú, á fi modal (ọ̀rọ̀ bíi "must", "should" tàbí "can") tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà "be", kí ọ̀rọ̀ ìṣe gan-an tó wá dé: "The door must be locked." Kò sí ohun tó dúró fún "be" yẹn lẹ́nu wa, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í kíyè sí i. Bẹ́ẹ̀ àyè tó wà níwájú rẹ̀ àti èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ọ̀rọ̀ àpọ́nlé tó bá wà láàárín modal àti "be" sábà máa ń sọ nípa dandan náà, tàbí ìṣeéṣe náà, tàbí bí nǹkan ṣe ń wáyé léraléra tó. Ibẹ̀ ni "always", "never", "probably", "still" àti "also" fẹ́ràn láti wà: "Hands should always be washed." "The meeting will probably be postponed." "The old form can still be used." Irú ètò yìí kò ṣàjèjì sí wa. Nígbà tí a bá ní "a gbọ́dọ̀ máa fọ ọwọ́", ẹ wò ó pé ẹ̀yìn "gbọ́dọ̀" gan-an ni "máa" wà. Ṣùgbọ́n "tún" tàn mí jẹ fún ọdún mélòó kan. Nítorí pé a máa ń sọ pé "wọ́n tún lè lò ó", "It also can be used" ni mo máa ń kọ. Kì í ṣe àṣìṣe, àmọ́ létí ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, "It can also be used" ló ń dùn. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé kò yẹ kí nǹkan kan wọ àárín modal àti "be", ẹ má dá a lóhùn. Ibẹ̀ gan-an ni ilé àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí.

Ọ̀rọ̀ tó ń sọ bí a ṣe ṣe nǹkan ní tirẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe ló ń wá. Ó lè ṣáájú rẹ̀, ó lè tẹ̀ lé e: "The results should be carefully checked", tàbí "The results should be checked carefully." Passive tilẹ̀ rọ̀ wá lọ́rùn níhìn-ín. Bí kì í bá ṣe passive, "You must read carefully the form" kò dára, torí Gẹ̀ẹ́sì kì í fẹ́ kí nǹkan ya ọ̀rọ̀ ìṣe àti ohun tí wọ́n ń kà nípá. Nínú passive, fọ́ọ̀mù ti lọ síwájú, kò sí ohun tí a máa yà nípá mọ́, nítorí náà "The form must be read carefully" lọ geere. Àwọn kan kì í kúrò ní ìparí ṣá o. "The rope must be pulled hard" la ń sọ; ẹni tó bá gbé "hard" sáàárín "be" àti "pulled" ti bà á jẹ́.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù lọ ni "well". "The story may be well written" túmọ̀ sí pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n kọ ìtàn náà dáadáa. Ẹ gbé "well" síwájú "be", kó di "The story may well be written", ìtumọ̀ rẹ̀ á di pé ó ṣeé ṣe gan-an kí wọ́n kọ ìtàn náà. Dídára ti kúrò níbẹ̀ pátápátá. Mo ti rí ìtumọ̀ tó dojú rú nítorí èyí nìkan.

Bí mo ṣe máa ń yẹ̀ ẹ́ wò ni pé mo máa ń dá gbólóhùn náà padà sí "wọ́n". "Ó hàn gbangba pé wọ́n gbọ́dọ̀ kọ àkọlé": ọ̀rọ̀ àpọ́nlé ti ṣáájú "wọ́n", nítorí náà ẹ̀gbẹ́ modal ni mo máa fi í sí. "Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ àkọlé kó hàn kedere": ó so mọ́ kíkọ, ẹ̀yìn "be" ló ń lọ. Àwọn ìgbà kan wà tí ibi méjèèjì gbà á, bíi "can easily be repaired" àti "can be easily repaired". Ẹ má ṣe da ara yín láàmú lórí irú èyí.

Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ ti ṣọ́ra gidi ni ibi tí "not" bá wà. "The file cannot simply be deleted" ń sọ pé a ò kàn lè pa fáìlì náà rẹ́ bẹ́ẹ̀, nǹkan mìíràn wà láti ṣe kọ́kọ́. "The file simply cannot be deleted" ń sọ pé a ò lè pa á rẹ́ rárá. Ẹni tó bá ka èkejì á jáwọ́; ẹni tó bá ka àkọ́kọ́ á béèrè ohun tó kù kí òun ṣe.

Bí "have been" bá wọlé, àyè á pọ̀ sí i: "could easily have been avoided", "could have easily been avoided", "could have been easily avoided". Randolph Quirk, onímọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn tí wọ́n jọ kọ ìwé gírámà Gẹ̀ẹ́sì ní 1985 ka ibi 7 tí ọ̀rọ̀ àpọ́nlé lè wà nínú irú gbólóhùn gígùn bẹ́ẹ̀. Èmi fẹ́ràn ti àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta yìí, àmọ́ fún "properly", ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe ni mo máa ń fi í sí: "should have been properly tested".

Ó ku "only". "The tablets should only be taken at night" ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ, ohùn wọn á sì jẹ́ ká mọ̀ pé òru ni wọ́n ń tẹnu mọ́. Lórí ìwé, kò sí ohùn. Nítorí náà mo máa ń kọ ọ́ báyìí: "The tablets should be taken only at night." Ẹni tó dá wà nínú yàrá pẹ̀lú ìgò oògùn lọ́wọ́ kò ní ẹni tó máa bi léèrè.