Ibà Mú Àǹtí Mi ní Salvador, Nọ́ńbà Ni Kẹ́míìsì Kọ́kọ́ Bèèrè

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtilọ sí Salvador ní Bahia, orílẹ̀-èdè Bràsíl, fún ọdún Yemọja, èyí tí wọ́n máa ń ṣe ní ọjọ́ kejì oṣù kejì ní àdúgbò Rio Vermelho, ẹ jọ̀ọ́, ẹ di oògùn ibà àti ara ríro mọ́ ẹrù yín, kó sì pọ̀ ju iye tí ẹ rò pé ẹ máa lò lọ. Inú ń bí mi sí ohun tí ojú wa rí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n inú mi tún dùn sí àwọn kan ní ìlú náà, mo sì máa sọ méjèèjì.

Ọdún yẹn dùn, ẹ ó rí fọ́tò rẹ̀ tó bá yá. Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, ra àkàrà níwájú gbogbo obìnrin aláṣọ funfun tó ń dín in. Acarajé ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, epo pupa náà ni wọ́n sì fi ń dín in. Ká tó délé tí a gbà lálẹ́, òtútù ti ń mú wọn nínú ooru Bahia. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ara wọn ti gbóná bí ààrò, orí ń fọ́ wọn, wọ́n ní ẹ̀yìn ojú ń ro àwọn, oríkèé sì ń já wọn jẹ. Panadol tí a gbé láti Ìbàdàn ti tán, nítorí òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Pelourinho, àdúgbò àtijọ́ ìlú náà, ti jẹ wọ́n lẹ́sẹ̀ ṣáájú. Alabukun ló kù nínú póòsì wọn. Wọ́n fẹ́ dà á sẹ́nu, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró ná, Àǹtí, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bèèrè.”

Kẹ́míìsì ńlá kan wà lójú títì, ó mọ́ tónítóní, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ yẹ́ẹ́. Ọmọbìnrin tó jókòó sídìí káńtà kò tíì wo ojú aláìsàn tó fi ní, “CPF?” Nọ́ńbà tí ìjọba ibẹ̀ ń fún ẹni tó ń san owó orí ni CPF. Bí o bá ní in, wọ́n á já owó fún ọ. Bí o kò bá ní in, odidi iye owó rẹ̀ láìsí ẹ̀dínwó lo máa san, èyí tí wọ́n pè fún wa sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ohun tí ẹni tó wà níwájú wa san lórí oògùn kan náà. Ẹni tí ibà ń gbọ̀n jìgìjìgì lẹ ń bèèrè nọ́ńbà lọ́wọ́ rẹ̀! Mo bèèrè oògùn ibà, ó ti páálí kan sí mi láìbéèrè ohun kankan. Àǹtí mi gbé jígí wọ̀, wọ́n kà á: dipirona. Wọ́n ní, “Ṣé kì í ṣe Novalgin tí NAFDAC ní ká má lò mọ́ nìyí?” Òun gan-an ni. Láti ọdún 1977 ni Amẹ́ríkà ti fi òfin lé e kúrò lọ́jà, torí pé nígbà mìíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í wọ́pọ̀, ó máa ń pa sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀. Ní Bràsíl, kò sí ilé tí ẹ ò ti ní bá a, ó sì tún wà nínú Dorflex, oògùn ara ríro, àti Neosaldina, oògùn orí fífọ́. Mi ò bá wọn jà lórí ohun tí wọ́n ti ń lò láti kékeré. Ohun tó dùn mí ni pé kò béèrè bóyá ara aláìsàn gbà á. A jáde.

Kẹ́míìsì kékeré kan wà lẹ́yìn ọjà, màmá àgbàlagbà kan ló ni ín. Potogí tèmi kò tó nǹkan, fóònù ló bá wa túmọ̀ ọ̀rọ̀. Màmá yìí ní ká fi gbogbo oògùn tó wà lọ́wọ́ wa hàn òun. Wọ́n yí Alabukun sí ẹ̀yìn, wọ́n fi ìka tẹ̀lé ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ títí wọ́n fi kan aspirin, wọ́n sì mi orí. “Dengue,” ni wọ́n wí. Ẹ̀fọn tó ń jẹni lójú mọmọ ló ń gbé ibà dẹ́ńgè kiri, ìgbà tí ooru àti òjò bá pọ̀ níbẹ̀ ló sì máa ń gbilẹ̀. Dẹ́ńgè máa ń dín ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì kù. Aspirin náà kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, ibuprofen sì jọ ọ́ lórí èyí. Bí èèyàn bá pa wọ́n pọ̀, ẹ̀jẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Alabukun tí Jacob Odulate bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Abẹ́òkúta ní 1918 kò ṣe wá ní nǹkan kan, orí fífọ́ nílé ló wà fún, aspirin àti kaféènì ló sì wà nínú rẹ̀. Ibà tí a kò mọ orísun rẹ̀ ní Bahia kò gbọdọ̀ pàdé rẹ̀.

Paracetamol ni màmá náà fún wa, páálí rẹ̀ ní ilà yẹ́lò àti lẹ́tà G gàdàgbà. Láti ìgbà òfin 1999 ni wọ́n ti ń ta irú oògùn bẹ́ẹ̀, tí kò ní orúkọ ìtajà tí ilé-iṣẹ́ sọ ọ́, ó sì dín lówó púpọ̀. Wọn ò béèrè nọ́ńbà kankan. Ṣùgbọ́n wọ́n tẹ ìka mọ́ 750 mílígíráàmù tó wà lára káàdì náà, wọ́n sì gbé ìka kan ṣoṣo sókè. Nílé, 500 ni hóró kan, méjì-méjì la sì máa ń lò ó. Bí ẹ bá lo 750 ní méjì-méjì nígbà mẹ́rin lóòjọ́, gíráàmù 6 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ àgbàlagbà kò gbọdọ̀ kọjá 4 kí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ má bàa bàjẹ́. Tylenol tí ẹ bá rí lórí àtẹ níbẹ̀, paracetamol náà ni. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló ń kọ acetaminophen sí i lára.

Màmá yìí ló ní ká lọ sí UPA, ilé ìwòsàn ìjọba tí kì í ti ìlẹ̀kùn tọ̀sán-tòru. A jókòó pẹ́ níbẹ̀, àga le, inú mi sì fẹ́ bà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìgbà tí wọ́n pè wá ni ojú mi là. Nọ́ọ̀sì fi báírò ya igun mẹ́rin kékeré sí apá àǹtí mi, ó wé ohun tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ ọn lókè, ó fún un le fún ìṣẹ́jú 5, ó wá tẹ̀ ba, ó ń ka àmì pupa wínníwínní tó sú jáde nínú igun náà. Bí ó bá tó 20, ewu wà níbẹ̀. Tàǹtí mi kò tó bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún dókítà pé Nàìjíríà la ti wá, ó ní ó dáa tí a sọ ọ́, torí ibà malaria tí ẹ̀fọn ilé wa ń gbé kì í ṣe ohun tí ọkàn wọn máa kọ́kọ́ lọ sí ní Bahia. Wọ́n gbẹ̀jẹ̀ láti yẹ ìyẹn náà wò, wọn kò rí i. Omi mímu, ìsinmi, paracetamol, ká sì sáré padà bí inú bá ń run wọ́n gan-an tàbí tí èébì kò dáwọ́ dúró. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa, àlejò tí kò lè sọ Potogí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn dénú.

Ara àǹtí mi ti yá. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ kọ orúkọ ohun tó wà nínú oògùn tí ẹ ń lò àti ìwọ̀n rẹ̀ sínú fóònù. Orúkọ ìtajà tí ilé-iṣẹ́ sọ ọ́ nìkan kò ní ràn yín lọ́wọ́. Àlejò náà sì lè gba CPF ní ọ́fíìsì aṣojú Bràsíl kó tó kúrò nílé. Ẹ gbà á, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ìlọ́po owó tì yín níwájú káńtà.