Ohun tó wà nísàlẹ̀ Lyme Bay

Ẹ kí mi kú ewu o! Inú ọkọ̀ ni mo wà láti àárọ̀ ní Lyme Bay, gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èébì ò sì jẹ́ kí n gbádùn. Sónà, ẹ̀rọ kan nínú ọkọ̀ wa, ń rán ìró lọ sísàlẹ̀ òkun, ìró ń padà wá, kọ̀ǹpútà ń fi ya máàpù: ibi tó le yàtọ̀ síbi tó rọ̀. Ṣùgbọ́n sónà ò lè sọ ohun tó ń gbé orí àpáta, la bá ju kámẹ́rà sómi.

Iyanrìn, iyanrìn, iyanrìn ṣáá. Oorun ti ń kùn mí. Ṣàdédé ni pink sea fan kún ojú kọ̀ǹpútà, ó yẹ̀ka bí abẹ̀bẹ̀, ó pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹran omi ni o, kì í ṣe ewéko! Nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1 ló ń ga lọ́dún. Àwọ̀n onírin tí wọ́n fi ń wọ́ scallop (ẹran omi oníkarawun) nílẹ̀ sì lè fà á tu lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi lé irú àwọ̀n bẹ́ẹ̀ kúrò ní kìlómítà onígun mẹ́rin 206 níbẹ̀ lọ́dún 2008. Ẹni tó ń fi ìgèrè pa akàn ṣì lè máa pa tiẹ̀.

Awakọ̀ wa, ògbólógbòó apẹja, kàn ń rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọ̀n òun ti ya lórí àpáta yẹn kí ẹnikẹ́ni tó gbé sónà débẹ̀.