Òdòdó Rẹ Ń Rìn

Bí iná bá lọ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí ọ̀dà pupa sì tán lọ́wọ́ ẹni tó ń yàwòrán, kí onítọ̀hún yáa lọ sùn. Èmi ò sùn.

Àbúrò bàbá mi, Ìyá Ìbejì, ló fẹ́ ṣe ìṣílé ní agbègbè Tákíẹ̀, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ó ti sọ fún mi láti oṣù kan sẹ́yìn pé, "Àkànní, gbogbo ayé ló máa gbé aago ògiri wá. Ìwọ, ya òdòdó fún mi." Oṣù kan gbáko o. Ọjọ́ tí ìṣílé ku ọ̀la ni mo tó gbé bébà kalẹ̀.

Kì í ṣe pé mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Pẹ́ńsù ni mo fi máa ń fa ìlà, ọ̀dà olómi á tẹ̀ lé e, íńkì dúdú á wá là á yí ká, màá sì fi ẹ̀kọ láfún lẹ gígé Àǹkárá mọ́ ọn. Mixed media ni wọ́n ń pè é. Màámi ń pè é ní àdàlù.

Òdòdó hibiscus ni mo já, pupa yẹn tí wọ́n ń gbìn ṣe ọgbà yí ilé ká, tó máa ń yọ ahọ́n gígùn síni. Ọjọ́ kan péré ló ń lò láyé. Ó là láàárọ̀, tó bá fi máa di alẹ́ ó ti ká jọ bí agbòjò. Eré àsápajúdé ni mo fi ya á. Ewé parí, ìkòkò Àǹkárá parí, ó ku ojú òdòdó gan-an. Mo fún túùbù ọ̀dà pupa, atẹ́gùn ló jáde. Mo là á, mo há a bí ẹni ń há ìsàlẹ̀ ìkòkò àmàlà. Ohun tí mo rí kó ò kún èékánná. Ibẹ̀ ni iná ti lọ.

Mo tan àbẹ́là. Mo na búrọ́ọ̀ṣì sínú ife omi, àṣé sóbò tí mo rà ní agbègbè Under G lọ́sàn-án ni mo tì í bọ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, pupa tó jáde! Mo rò ó lọ́kàn mi: ìsápá ni wọ́n fi ń ṣe sóbò (funfun la fi ń se ọbẹ̀, pupa ni ti sóbò), mọ̀lẹ́bí kan náà sì ni ìsápá àti hibiscus. Ta ló tún máa mọ àwọ̀ ẹni tó mọ̀lẹ́bí ẹni?

Ewé òdòdó náà jẹ́ márùn-ún. Mo kun méjì, ó rẹwà. Ìkẹta yí padà lójú mi kòrókòró, ó di àwọ̀ ojú ẹni tí wọ́n gbá lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Ọṣẹ ìfọṣọ tí mo fi fọ búrọ́ọ̀ṣì ni mi ò ṣàn dànù. Sóbò ò bá ọṣẹ rẹ́, ohun kíkan ló bá a rẹ́. Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ lé e, ó padà di pupa. Mo jó nínú òkùnkùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òdòdó náà ń dán yinrin. Ó ń lẹ̀ mọ́ ìka díẹ̀, àmọ́ mo ní àwọn kan ń ra fáníìṣì kí tiwọn tó dán báyìí. Mo fi férémù sí i, mi ò fi gíláàsì sí i. Owó gíláàsì ti lọ sórí aṣọ ẹbí.

Wọ́n yìn ín títí níbi ìṣílé. Bàbá àgbà kan ṣáà sún mọ́ ọn, ó fimú fà á, ó ní, "Ó ń ta sánsán bí ata ilẹ̀." Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, mo sáré lọ bu ìrẹsì.

Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́fà àárọ̀, fóònù mi dún.

"Àkànní, òdòdó rẹ ń rìn."

"Ẹ ṣé mà. Ọlọ́run ló ń lò wá."

"Mo ní ó ń rìn!"

Ọ̀kadà ni mo gùn débẹ̀. Èèrà ti tò láti ojú fèrèsé, wọ́n gba abẹ́ aago ògiri mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá, wọ́n já sínú férémù. Àwọn kan ń lọ, àwọn kan ń bọ̀, wọ́n ń forí kanrí bí ẹni ń kíra ní ọjà. Wọn ò wo ewé tútù, ọ̀dà gidi ló wà níbẹ̀. Wọ́n dúró díẹ̀ létí ìkòkò Àǹkárá nítorí láfún. Àmọ́ ojú òdòdó, dúdú kirimù.

"Ṣé ṣúgà lo fi yà á ni?"

"Rárá o, mà." Mi ò purọ́. Ìyá tó ta sóbò ló fi ṣúgà sí i.

Mo gbé férémù náà sọ̀kalẹ̀, mo gbọn èèrà dànù, ẹnu wá yà mí. Mẹ́ta nínú ewé òdòdó márùn-ún ti funfun báláú. Èèrà kì í ṣe irú iṣẹ́ yẹn láàárín ọjọ́ méjì. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí àga kan tí wọ́n ti fà sídìí ògiri, àti àwọn ìbejì tí wọ́n ń yọjú lẹ́yìn kọ́tìnì.

"Ta ló lá a?" Ìyá Ìbejì pariwo.

Kẹ́hìndé bọ́ síta, ahọ́n rẹ̀ pọ́n. "Táyé ni, mọ́mì. Òun ló lá méjì. Èmi, ẹyọ kan ni."